Ogún Ọjọ́ Tó Di Mẹ́sàn-án: Bí Dòdò Ìkirè Ṣe La Yunifásítì Kan Lójú

Bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ bá dín eré kù ní Ìkirè, kò ní pẹ́ tí àwọn obìnrin yóò fi na dòdò sí ojú fèrèsé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Rilwan. Fáìsátù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àpòmù ló ń gbé, ṣùgbọ́n etí títì Ìkirè ló ti ń tajà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ata, iyọ̀ àti epo pupa, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹfà, Amatullah sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú àtẹ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì kan ní àdúgbò náà, ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló ń kọ́ fún oyè kejì. Ọwọ́ Ìyá Rilwan ló ti ra dòdò tí òun àti olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Oyèyẹmí, fi ṣe ìwádìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó.

Ó ní iṣẹ́ àwọn ti yọrí. Àwọn ti rí i pé dòdò tí wọ́n bá fi ewé eéran wé lè lo ogún ọjọ́ láìbàjẹ́. Jọ́nà kan lókè òkun, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń ka iṣẹ́ ara wọn, ti gbà láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá di ọjọ́ Wẹ́sídeè, yunifásítì yóò kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ó ní irú iṣẹ́ báyìí ló ń mú kí ayé mọ ilé ẹ̀kọ́ kan.

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí pàtẹ́wọ́. Gàrúbà, tó máa ń fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí Kánò, ti ń bèèrè páálí mélòó ni wọ́n lè bá òun dí di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun mọ ilé ìwé méjì tí yóò rà á fún àwọn ọmọ.

Ìyá Rilwan nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ mi, ogún ọjọ́? Ibo lẹ gbé e sí?"

"Orí pẹpẹ ni, Màmá, nínú yàrá ìwádìí wa."

"Ṣé ooru máa ń mú níbẹ̀?"

Amatullah ronú díẹ̀. Ó ní rárá, ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, nítorí àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá tó wà níbẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tèmi tó wà nínú oòrùn yìí, tó bá ti di ọjọ́ kẹfà, mi ò jẹ́ fún ọmọ mi jẹ. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n gbé e dé Kánò, kí inú máa run ọmọ ọlọ́mọ?"

Amatullah yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí gba dòdò tí wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ọ̀kadà tó gbé e wá náà ló tún gbé e padà.

Nígbà tí Amatullah ròyìn fún un, Dókítà Oyèyẹmí kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Iye iṣẹ́ tí olùkọ́ bá tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gbé e ga, ẹyọ kan péré ló sì kù kí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní àwọn ò purọ́, ohun tí àwọn rí ni àwọn kọ. Amatullah mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú yàrá tútù nìkan ni òótọ́ náà wà, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Othniel, àgbàlagbà tó ń bójú tó yàrá ìwádìí náà, ń fọ ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó gbé ìgò sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè. Ọjọ́ tí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ní ilẹ̀ tí a kò dé rí, bá tún iṣẹ́ wa ṣe, tó sì rí ohun tí a rí, ọjọ́ náà ni yunifásítì wa lórúkọ láyé. Tí wọ́n bá wá tún eléyìí ṣe nínú ooru, kí ni wọ́n máa rí?"

Ó fa àga kan sún mọ́ Dókítà.

"Ẹ fà á padà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìtìjú ọ̀sẹ̀ kan ni. Bí ẹlòmíràn bá bá wa fà á padà, kò ní kúrò lára wa mọ́."

Dókítà tún ìwé náà kà láti òkè délẹ̀. Nígbà tó dìde, ó kọ lẹ́tà sí jọ́nà náà, ó pe ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá gíwá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọbẹ̀ ara rẹ̀ nù. Gíwá kò bá a wí. Ohun tó bi í ni pé kí ló nílò láti ṣe é dáadáa.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè tí wọn ìbá ti kéde rẹ̀, etí títì Ìkirè ni wọ́n wà. Obìnrin mẹ́rìnlá ní Ìkirè àti Àpòmù gbà láti bá wọn ṣe é. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru kọ́ sí àtẹ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Rilwan di olórí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án. Kí oòrùn tó yọ ló ti ń pe Amatullah lórí fóònù láti sọ bí dòdò ṣe rí.

Ní ọjọ́ kẹrin, dòdò Fàsílátù, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ti bu. Ti àwọn yòókù sì dá ṣáká títí di ọjọ́ kẹjọ, bẹ́ẹ̀ ewé kan náà ni gbogbo wọn lò. Dókítà wo ìwé títí, kò rí ìdí rẹ̀. Ìyá Rilwan ló bi Fàsílátù bó ṣe wé tirẹ̀. Fàsílátù jẹ́wọ́ pé òjò ṣú lọ́jọ́ náà, òun sì fi gbígbóná wé e.

"Ooru náà ló di omi nínú ewé," ni Ìyá Rilwan wí.

Amatullah kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Othniel tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fi gbígbóná wé apá kan, wọ́n jẹ́ kí epo ro kúrò lára apá kejì kí ó sì tutù kí wọ́n tó wé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èyí tó tutù dé ọjọ́ kẹsàn-án nínú ooru, tí èyí tó gbóná kò sì ré kọjá ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí èsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde, Amatullah sáré dé ọ́fíìsì Dókítà láì wọ bàtà.

Wọ́n kọ ọ́ ní tuntun. Gbogbo iye tí wọ́n wọ̀n ni wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí kan àṣìṣe àkọ́kọ́ àti ohun tó fà á. Orúkọ obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà níbẹ̀. Lóṣù méje lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti yunifásítì kan ní Gánà. Wọ́n ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwọn dán an wò, ohun kan náà ni wọ́n rí, wọ́n dárúkọ àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn jọ ṣe iṣẹ́ tó kàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kan ní Màléṣíà náà kọ̀wé.

Dókítà Oyèyẹmí kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ka lẹ́tà náà ní etí títì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń kà á. Ìyá Rilwan ní kí ó tún ibi tí orúkọ òun wà kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye ìwé tí ẹ ní láti tẹ̀ jáde kó yín láyà jẹ. Ẹ ṣe ìwádìí níbi tí nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì fi àṣìṣe pamọ́. Ẹ̀yin tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá fi òtítọ́ fa iṣẹ́ rẹ̀ padà kò jẹ̀bi. Ẹ fún un ní ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ẹ wá àwọn alábàáṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn, kí ẹ sì ṣí ìwé yín sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ará ìlú náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yunifásítì ga ju tiyín lọ. Bí wọ́n bá sọ ohun tí ojú yín kò rí rí nípa iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìbéèrè yín wà lára ohun tí yóò mú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà dé òkèèrè.