Ìdérí Ìkòkò Kejì

"Èwo ni òkè ayọnáyèéfín nínú èyí?" ni ọmọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn kíláàsì. "Ó kàn ń kùn bí àgbàlagbà tó ń sùn ni!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọmọ Alágbàfọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún aráàlú. Òun ló bu sítáàṣì wá láti ilé, tí òun àti Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì sè é sí ìkòkò méjì lórí sítóòfù láti fi ṣe àpẹẹrẹ òkè ayọnáyèéfín. Ti àkọ́kọ́ ṣàn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti ìkejì ki.

Tíṣà ti ṣàlàyé kí ó tó lọ pe ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó. "Bí sílíkà, èròjà tó wà nínú iyanrìn, ṣe máa ń ṣe òkúta yíyọ́ abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Bó bá kéré, òkúta náà á ṣàn, gáàsì á sì ráyè jáde. Bó bá pọ̀, á ki, gáàsì á há sínú rẹ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ jáde, òkè á bú gbàù. Ẹ má dé ìkòkò kankan o!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ń gún Ọmọ Alágbàfọ̀ lára. "Ẹ dúró ná, ẹ ó rí i." Ó tẹ ìdérí mọ́ ìkòkò kejì, ó gbé òkúta lé e.

"Tíṣà ní ká má dé e o!" ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ẹ̀rù máa ń bà ẹ́ jù. Díẹ̀ péré ni."

Ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kíláàsì ń pàtẹ́wọ́, inú Ọmọ Alágbàfọ̀ sì ń dùn. Jẹ́jẹ́ ni ara rẹ̀ kò gbà á. Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti gbé òkúta náà kúrò. Ìdérí fò sókè. Sítáàṣì gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìdánwò àṣekágbá. Ọmọ Alágbàfọ̀ kọ tirẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n bèèrè nípa sílíkà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹkún ló sì fi kọ ọ́.

Nígbà tó dé ilé Jẹ́jẹ́, ó bá ìyá Jẹ́jẹ́ tó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ni Ọmọ Alágbàfọ̀ tún wí.

"Ó ti tó. Ẹ̀bẹ̀ yìí ti pọ̀ jù." Jẹ́jẹ́ kọjú sí ògiri. "Èmi á kọ tèmi lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ á ti lọ nígbà yẹn."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àìmọ̀ kọ́ ló ṣe Ọmọ Alágbàfọ̀. Ó mọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún un. Àtẹ́wọ́ ló dùn mọ́ ọn ju ìkìlọ̀ lọ. Nínú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ ọ̀hún, kò sí ẹnìkan tí ọwọ́ ń ro.