Áísìkiriìmù fún Wíwò

Obìnrin kan ra áísìkiriìmù, ó gbé e sórí tábìlì lójú fèrèsé, ó jókòó tì í, ó sì ń wò ó bó ṣe ń yọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún un, ẹni tí àdúgbò ń pè ní Onítutù, kò lè ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ mọ́.

"Àǹtí, ṣé kò dùn ni?"

"Mi ò rà á fún jíjẹ. Mo rà á fún wíwò."

Ayàwòrán ni. Ó ní kí Onítutù wọlé wá wo àwòrán òun. Bọ́ọ̀lù rọ́bà, ìgò ẹlẹ́rìndòdò àti sálúbàtà ọmọdé wà lórí tábìlì náà, irú ohun tí bàbá rẹ̀ olóògbé máa ń kó dání tí wọ́n bá ń lọ sétí òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, bọ́ọ̀lù ti hu ìyẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹja pupa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìgò, sálúbàtà sì ti yọ òdòdó.

"Áísìkiriìmù mi ńkọ́?" ni Onítutù bi í. "Kí lo fẹ́ sọ ọ́ dà?"

"Òkè. Àmọ́ ó máa ń yọ́ kí n tó yà á tán."

"Màá mú òmíràn wá lọ́la. Òkè kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan."

Bó ṣe ń wá nìyẹn, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ìfẹ́.

Ìyá ayàwòrán, opó tó ń fi aṣọ rírán gbọ́ bùkátà, ló kọ̀ kí wọ́n fẹ́ra. "Mi ò kórìíra rẹ, ọmọ mi," ló sọ fún Onítutù, "ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀. Ta ní í ra omi dídì nínú òtútù? Ìfẹ́ nìkan kọ́ là ń gbé kaná."

Ayàwòrán sunkún. Onítutù ò jiyàn. Nígbà tí òjò dé, ó wá bá ìyá nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín."

Ìyá rò pé àwàdà ni. Onítutù fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ títí, kò lọ. Ó rán ẹnu ṣòkòtò, ìyá tú u; ó tún un rán, ìyá tún tú u.

"Ọwọ́ ẹ tutù bí ọjà ẹ," ni ìyá máa ń wí, á sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ayàwòrán ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn nínú ilé.

Lọ́jọ́ tí Onítutù rán odidi ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyá ò sì tú u, ó wọ yàrá àwòrán lọ.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹ̀rọ dákẹ́ ní yàrá kejì.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," ni ìyá wí, "kí n lè mọ irú aṣọ tí màá gé."

"Mo gbà, Màámi," ni ayàwòrán dáhùn. "Gbogbo àwọ̀ tó bá wà nílé ni kẹ́ ẹ gé."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.