Nọ́ńbà Keje Lórí Pátákó

Àlejò márùn-ún ló bẹ́ sómi tẹ̀lé Fazeel láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó wẹ̀yìn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta iyùn, mẹ́fà ló kà.

Kò yà á lẹ́nu. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìyàlẹ́nu. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń kó àlejò wọ abẹ́ òkun Maldives, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Etí ń ro ó, ẹ̀yìn ń dùn ún, oúnjẹ ò sì wù ú jẹ mọ́. Láti ọdún méjì tí Shifaz àbúrò rẹ̀ ti bá omi lọ ni ẹnì kan ti máa ń wà lẹ́yìn gbogbo wọn, tí afẹ́fẹ́ kì í hó jáde lẹ́nu rẹ̀. Fazeel kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó wà láàyè ló ń ṣọ́.

Bàbá wọn, Alifulhu, ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló gbé òfin pátákó kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ omi á fi nọ́ńbà rẹ̀, bàbà pẹlẹbẹ kan, kọ́ ìṣó lára pátákó inú ọkọ̀, bó bá gòkè á fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bá ẹlòmíràn yọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà keje, ti Shifaz, fi ṣì wà lórí ìṣó, tí iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ di àwọ̀ ewé. Wọn ò rí òkú rẹ̀, bàbá ò sì gbà kí wọ́n kírun sí i lára. Ó ní ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lórí pátákó, inú omi ló wà, kò tíì kú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń bi Fazeel bóyá àbúrò rẹ̀ ṣe àmì kankan sí i lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Fazeel ń ní òun ò rí àmì kankan.

Irọ́ ni.

Níbi tí òkun ti ń wọlé sáàárín àwọn erékùṣù, omi máa ń wọ́ èèyàn lọ. Wọn kì í mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwẹ̀ abẹ́ omi débẹ̀. Olúkúlùkù á fi ìkọ́ olókùn há àpáta, á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá, á máa wo ẹja àkurákudà. Bí Fazeel bá béèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe kù sí, wọ́n á fi ìka dáhùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ń tán á di ìkúùkù mọ́ àyà. Shifaz di ìkúùkù mọ́ àyà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá omi lọ. Fazeel rí i. Ìkọ́ àlejò méjì ń yọ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì rò ó pé kí Shifaz ṣe sùúrù díẹ̀, kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lónìí, ó béèrè, àwọn márààrún sì fi ìka dáhùn. Ẹni kẹfà rìn súnmọ́ ọn. Ó di ìkúùkù mọ́ àyà. Omi kún inú dígí ojú rẹ̀ dẹ́nu, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ nínú omi náà.

Ẹ̀rù ba Fazeel, ṣùgbọ́n àárẹ̀ àtimáa gbójú kúrò lára ẹni náà ti ju ẹ̀rù lọ. Ó fa rọ́bà ìmí kejì yọ, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ nítorí ẹnì kejì, ó nà án sí i. Onítọ̀hún gbà á, ó fi eyín dì í. Fazeel di apá rẹ̀ mú, ó tutù. Àwọn méjèèjì jọ ń mí nínú sílíńdà afẹ́fẹ́ kan títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó yọjú sókè. Ibẹ̀ ni ìkúùkù náà ti là. Apá náà sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Vasanthi, àlejò tó wá láti Chennai, béèrè bóyá apá ń dùn ún, nítorí ó ká a kò nínú omi bí ẹni tó ń fa arúgbó. Fazeel ní rárá. Alifulhu wo aago tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ Fazeel ṣe kù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ìwọ tó o máa ń mú ìdajì bọ̀. Ṣé ẹja lo wá fún ní ìyókù?"

Bàbá gbé rọ́bà ìmí kejì yẹ̀ wò. Ojú eyín wà lára rẹ̀, tuntun, àfi àlàfo kan níwájú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Shifaz nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ká.

"Fazeel. Ó ṣe àmì?"

"Ó ṣe é, Bàbá. Mo rí i. Ó rẹ̀ mí ni. Mo ní kó dúró díẹ̀."

Alifulhu ò ké, kò sì gégùn-ún. Ó dá rọ́bà náà padà fún un.

"Ó kúkú dúró," ó ní. "Lọ yọ nọ́ńbà rẹ, ká máa lọ."

Fazeel yọ tirẹ̀. Ìṣó keje ṣófo, omi ń kán láti ara rẹ̀. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀, gbígbẹ ni. Wọ́n kírun sí Shifaz lára nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Fazeel kó àlejò márùn-ún mìíràn wọ omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn, ó wẹ̀yìn, ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Márùn-ún ni wọ́n. Ìgbà náà ni ẹkún tó gbọ̀n ọ́n, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú dígí ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá.