Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ̀ Lé Mi

"Aago" ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ń pè mí, nítorí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ àyà mi látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Òun ló ń ti ọkàn mi kó lè máa lù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dùbúlẹ̀, mo fi etí lé ìrọ̀rí. Gbì. Lẹ́yìn náà ni òmíràn tún dún, ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń tọ ẹnì kejì lẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Orí mi wú.

Nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa kọ bí mo ṣe wúwo tó sínú ìwé kékeré kan láràárọ̀, torí ara tó bá ń wúwo lójijì lè jẹ́ àmì pé ọkàn ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí mo sì ń wúwo sí i, mo mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á dá mi dúró sílé ìwòsàn, ìdánwò àṣekágbá á sì fò mí ru. Ni mo bá ń da iye àná kọ: kílò méjìlélógójì.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Màmá mi bi mí.

"Kò sí o, Mọ́mì. Ṣebí wọ́n ní bátìrì ṣì lágbára."

Bátìrì lágbára lóòótọ́. Gbogbo wa nílé ló gbà pé bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ọkàn náà ti dára nìyẹn.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, mo ń gun àtẹ̀gùn iléèwé, mo gbọ́ ìró yẹn bí ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Kò sẹ́nì kankan. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn ni mo jí sí. Dókítà fi ọkàn mi han èmi àti Màmá mi lójú ẹ̀rọ àwòrán. "Apá ọ̀tún ni ẹ̀rọ yìí ń tì. Apá òsì wá ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tí apá méjèèjì ti ń ṣe báyìí, ọkàn ti fẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. A máa fi wáyà mìíràn sápá òsì, kí méjèèjì lè jọ máa lù." Ó wá ṣí ìwé mi. "Kílò méjìlélógójì fún ogójì ọjọ́? Ṣé òkúta ni ẹ́ ni?"

Màmá mi gba ìwé náà. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á," ó ní, "tí mò ń dúpẹ́." Ojú tì mí ju bí àyà ṣe ń dùn mí lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìdánwò fò mí ru náà ni. Oṣù mélòó kan kọjá kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ nínú ìrọ̀rí báyìí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe parọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò yín sàn.

Láàárọ̀ yìí, mo kọ kílò mọ́kànlélógójì. Òótọ́ ni. Màmá mi wo ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú òṣùwọ̀n tí mo dúró lé fúnra rẹ̀ kó tó gbà mí gbọ́.