Ohun Tí Ojú Káfíńtà Rí

Etí ọmọ ènìyàn, nǹkan ìyanu ni. Lọ́jọ́ náà ní Mile 12, ariwo ọjà pọ̀ débi pé èèyàn ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Síbẹ̀ Tọ́pẹ́ gbọ́ tí ẹnì kan pe “Àpínkẹ́” láti ẹ̀yìn àwọn tó ń sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì kalẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó yíjú, ó rí ọkùnrin gíga kan tí eruku pákó bo irun rẹ̀, tó ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tí òun náà ń jẹ́ Àpínkẹ́.

“Ẹ má bínú, Aunty. Nínú gbogbo ariwo yìí, báwo lẹ ṣe gbọ́?”

“Orúkọ mi kọ́ ni? Ṣé ẹ kì í gbọ́ tiyín ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìró ayùn nìkan ni òun máa ń gbọ́ láàárín ariwo. Ọlábámijí lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni ní Ìkòsí. Kí ọdún 2004 tó parí, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Tọ́pẹ́ mú un lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kétu. Mummy sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìjẹ̀bú, bí wọ́n ṣe jìyà. Ọlábámijí kò dáhùn “hẹ̀n-ẹ́n mà” kankan, àga tí Mummy jókòó lé ló tẹjú mọ́. Nígbà tó lọ tán, Mummy ní òun kò lè fọmọ fún ẹni tó ń díye lé àga òun nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀ olóògbé.

“Kò kà wá sí,” ni ó wí.

Tọ́pẹ́ lọ bi í léèrè ohun tí ìyá òun sọ. Ọlábámijí ronú títí, kò rántí ẹyọ kan. Ó dun Tọ́pẹ́ wọra, ó ní kó má wá mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ọlábámijí ru àga tuntun kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wá sílé Mummy, ó dọ̀bálẹ̀.

“Mummy, àga yín àtijọ́ yẹn ti lọ sílẹ̀ jù fún yín. Nígbà tí ẹ dìde lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, ẹ di ògiri mú, ojú yín fà ro. Látìgbà náà ni mi ò ti gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.”

Mummy jókòó sórí àga tuntun náà, ó dìde láìdi ohunkóhun mú. Ó tún jókòó, ó tún dìde. Tọ́pẹ́ ń wò wọ́n, ó ń ṣe é ní kàyéfì bí orúnkún ìyá òun ṣe di ẹrù ọkùnrin yìí.

“Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀,” ni Mummy wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n jókòó ná. Màá tún ìtàn bàbá Tọ́pẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ọlábámijí jókòó, Tọ́pẹ́ sì sún mọ́ ọn.

“Mò ń gbọ́ yín, mà,” ni Ọlábámijí wí.