Ìlà Tí Doyinsọ́lá Fà Sórí Máàpù

Doyinsọ́lá di bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó sì ń wo iwájú. Ọ̀nà oko tí òun àti Mercy ti ń gùn bọ̀ láti ẹ̀yìn ìlú Ìṣẹ́ ti pín sí méjì. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì fẹ̀, ó mọ́, ó sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín oko kòkó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́ẹ́rẹ́, koríko sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n ojú táyà kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo hàn lórí yangí rẹ̀, ó lọ tààrà wọ inú igbó.

"Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ gba ibí?" ó bi Mercy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ò mọ̀," ni Mercy dá a lóhùn. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé òjò ti ṣú."

Òótọ́ ló sọ. Ojú ọ̀run lápá Èmùré ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, olùkọ́ Jọ́gíráfì wọn, ló gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílé ìwé wọn ya máàpù àwọn ọ̀nà oko tó so Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ́ àti Èmùré pọ̀, àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà, kí ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lè máa gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí pé tírélà ń fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó pín àwọn ọ̀nà náà fún wọn. Èyí tó gba ẹ̀yìn Ìṣẹ́ dé Èmùré bọ́ sọ́wọ́ Doyinsọ́lá.

Kò sí iṣẹ́ ilé ìwé tó tíì dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ṣùgbọ́n láti kékeré ni kì í gbójú kúrò lára ọ̀nà. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yà kúrò lára títì ló máa ń kà. Á ní níbo ni èyí lọ, níbo ni tọ̀hún já sí, títí ìyá rẹ̀ á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sinmi. Ní Sátidé yìí, ó ti kọ gbogbo ohun tó rí sínú ìwé pélébé kan: òkè mẹ́ta, odò kan tí omi rẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, abà kan tí wọ́n ń sá kòkó sí, ibi tí yangí ti le dáadáa, àti ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti lè mú kí táyà yọ̀.

"Jẹ́ ká tẹ̀ lé ojú táyà yìí díẹ̀," ó ní.

"Doyin, bí òjò yìí bá ká wa mọ́bí, a ò ní lè gun òkè yẹn padà. Fa ìlà náà sí ọ̀nà tó fẹ̀, kó o sì mú un dé Èmùré. Níbo ló tún máa lọ? Ta ló máa wá yẹ̀ ẹ́ wò?"

Doyinsọ́lá tún wo ojú táyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àrá sán lókèèrè. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ó jókòó síwájú pépà ńlá pẹ̀lú rúlà àti bírò. Ó ya òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ya odò, ó ya abà. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti pín, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rò ó pé kí òun kọ ọ́ pé ibí ni òun dé, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé iṣẹ́ náà kò ní parí, àwọn yòókù á sì mú tiwọn wá ní pípé. Ó fa ìlà sọ́wọ́ òsì, ó mú un dé Èmùré. Nígbà tó wò ó, apá náà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kún fún àlàyé. Ó bá kọ ọ́ sí i pé: "Ìdàgẹ̀rẹ́ tó dán. Kò séwu."

Máàpù náà wu Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú gan-an. Ó gbé e sókè níwájú kíláàsì.

"Ẹ wo bó ṣe kọ ọ́," ó ní. "Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ nìkan ló lè kọ irú èyí. Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀nà yìí ni gbogbo wa máa kọ́kọ́ gùn."

Ìyìn náà dùn létí Doyinsọ́lá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó pinnu pé òun á lọ wo ọ̀nà náà kí ọjọ́ tó pé. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àfikún títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì, òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú síta. Ó kàn gbàdúrà kó tó sùn pé kí ọ̀nà náà rí bí òun ṣe yà á.

Àwọn mẹ́jọ ló jáde ní àárọ̀ Sátidé, olùkọ́ wọn ló ṣìkẹsàn-án. Òjò àná ti fọ gbogbo ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀, wọ́n tún gun òmíràn. Lápá kan, ewé ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Lápá kejì, kòkó so rọ̀ mọ́ ara igi ní pupa àti ní ìyeyè. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò ju ìró táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ti ẹyẹ lọ. Olúwaṣògo, tó kéré jù nínú wọn, ló ń ṣáájú, ó sì ń béèrè orúkọ gbogbo igi tó bá rí.

Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ojú táyà wà lórí ti ọwọ́ ọ̀tún, tuntun ni, omi òjò kò tíì pa á rẹ́.

"Òsì ni, àbí?" Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú wo máàpù, ó sì wojú Doyinsọ́lá. Gbogbo wọn wojú rẹ̀. Mercy ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé òun kò dé ọ̀hún rí dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Òsì ni, sà."

Olúwaṣògo ti ka ohun tí Doyinsọ́lá kọ sórí máàpù. Ó tú bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ̀ lọ.

"Rọra o," ni Doyinsọ́lá kígbe tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti yí kọ́nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró irin, wọ́n sì gbọ́ igbe.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀gbàrá ti gé ọ̀nà náà sí méjì. Kòtò tó mu ọmọdé dé ìbàdí ló wà níbẹ̀, Olúwaṣògo sì jókòó sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ọ̀tún mú. Ọrùn ọwọ́ náà ti wọ́. Ní òdìkejì kòtò, kò sí ọ̀nà mọ́. Àbàtà àti igi tí wọ́n gé sílẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú bọ́ sínú kòtò. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi so ọwọ́ ọmọ náà mọ́ àyà rẹ̀. Ó yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ó dà bíi pé a ṣì í," ó ní. "Doyinsọ́lá, ṣé kòtò yìí kò sí níbí nígbà tó o gbabí?"

Ó lè sọ pé òjò àná ló gbẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ni ìbá gbà á gbọ́. Ó wo ojú Olúwaṣògo, omijé ti po mọ́ ẹrẹ̀ níbẹ̀.

"Sà, mi ò dé ibí rí. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni mo ti padà. Mo kàn fa ìlà náà ni."

Olùkọ́ náà kò bú u. Ó wò ó títí, ó sì yíjú sí ọmọ tó farapa. Lójú Doyinsọ́lá, ì bá sàn kó na òun.

Bí wọ́n ṣe ń wá bí wọn yóò ṣe gbé Olúwaṣògo, bàbá arúgbó kan yọ lẹ́yìn igi, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan tó di iṣu sí lẹ́yìn. Ó ní orúkọ òun ni Bàbá Jẹ́jẹ́, igbe ọmọ ni òun gbọ́.

"Ọ̀nà àwọn agégẹdú lẹ gbà un," ó ní. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti lọ. Kò já síbì kankan mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣu rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Olùkọ́ ní kó má ṣèyọnu.

"Ẹ fi uṣu sílẹ̀, kò níbi tó ń lọ. Ẹ gbọ́mọ wá."

Ó gbé Olúwaṣògo sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sì ń tì í lọ, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n padà sí ibi tí ọ̀nà ti pín, wọ́n yà sọ́tùn-ún. Bí wọ́n ṣe kọjá koríko, ọ̀nà náà là. Yangí tó le ni, ó gba orí òkè kan lọ. Láti ibẹ̀, Doyinsọ́lá rí páánù ilé Èmùré tó ń dán nínú oòrùn, ó sì rí àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ lókèèrè. Ibi tó ti ń ronú nípa rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan nìyí, ó wá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí kò lè fi ojú gidi wò ó. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dé títì, wọ́n sì rí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Egungun ọrùn ọwọ́ Olúwaṣògo ti kán. Dókítà di ọwọ́ náà le láti igunpá dé ìka, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá ilé ìwé fòfin de kẹ̀kẹ́ gígùn títí tí sáà yóò fi parí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà kò bá Doyinsọ́lá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Mercy wá bá a nílé. "Èmi ni mo ní kó o fà á," ó ní.

"Ọwọ́ mi ni bírò wà," ni Doyinsọ́lá fèsì.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá lọ bá ìyá Olúwaṣògo, Ìyáàfin Victoria, ó kúnlẹ̀, ó sì rò fún un láìfi ohunkóhun pa mọ́.

"Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé," ni obìnrin náà wí. "Ta ló máa bá a kọ nóòtì?"

"Èmi ni, mà."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń bá Olúwaṣògo kọ nóòtì gbogbo iṣẹ́. Bó bá ń kọ ọ́ lọ, ọmọ náà á máa bi í pé báwo ni ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún yẹn ṣe rí látòkèdélẹ̀. Ohun tó bá rí ló ń sọ fún un. Èyí tí kò bá rí, á ní òun kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n gba ẹgbẹ́ náà láyè padà, Doyinsọ́lá gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú sì tẹ̀ lé Bàbá Jẹ́jẹ́ gun ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó béèrè ìbéèrè títí bàbá náà fi ń rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé ṣé ọ̀nà mìíràn wà tó yà lọ sápá Ìkẹ́rẹ́. Bàbá ní ó wà, ó sì mú wọn gbà á, wọ́n la odò méjì kọjá, wọ́n sì dé etí odò kẹta.

"Ibí lèmi náà mọ mọ," ó ní. "Ohun tó wà lókè ọ̀hún, mi ò lè purọ́ fún un yín."

Doyinsọ́lá ya máàpù tuntun. Ó ti rí i pé kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn sọ pé òun kò mọ̀, torí ibẹ̀ ni wíwá ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àti pé nígbà tí òun díbọ́n pé òun mọ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kán. Wọ́n lẹ máàpù náà mọ́ ara ògiri kíláàsì, ìlà apá Ìkẹ́rẹ́ sì dúró gbọnrangandan sí etí odò kẹta, láàárín pépà funfun.

Ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì ìsàlẹ̀ wá dúró síwájú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà títí tó fi tán.

"Àǹtí, ṣé bírò yín ló tán ni?"

"Rárá," ni Doyinsọ́lá dá a lóhùn. "Ibẹ̀ ni mo dé."