Ẹsẹ̀ Kẹta Púlọ́ọ̀gì

"Yí i wálẹ̀ pátápátá," ni bàbá mi wí. Kò la ojú.

Mo yí kókó ohùn gìtá náà wálẹ̀ títí kò fi ṣeé yí mọ́. Ariwo náà ò dáwọ́ dúró. Ó ń kùn nínú ańpílífáyà wa bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú páànù.

"Ó ṣì ń kùn, Bàbá."

"Yọ wáyà gìtá kúrò lára àpótí ańpílífáyà."

Mo yọ ọ́. Ó ṣì ń kùn.

"Kò sí lọ́wọ́ gìtá nígbà náà. Àpótí yẹn ló ń ṣàìsàn, tàbí iná tó ń jẹ. Fi í sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá gbé e lọ bá Anil tó ń tún rédíò ṣe nígboro Labasa."

"Ọjọ́ Ajé kẹ̀! Bàbá, Sátidé la máa ṣeré."

Oorun ti gbé e lọ lórí ẹní nínú gbọ̀ngàn abúlé, èédú oko ìrèké ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Láti ìdájí ló ti ń gé ìrèké. Síbẹ̀, ó ti jókòó tì mí láti ìgbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé. A pààrọ̀ wáyà, a pa gílóòbù gígùn, a gbé àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ó ní ẹni tó bá yí nǹkan méjì pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ó ti rẹ èmi náà. Màmá mi wà ní Suva, olú ìlú wa, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Èmi ni mò ń se ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, èmi ni mò ń fọ ìkòkò. Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì máa ṣe ayẹyẹ òrùlé tuntun tí wọ́n kàn sí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí ìjì gbé ti àtijọ́ lọ; ẹgbẹ́ olórin wa ló máa kọrin níbẹ̀, gbogbo abúlé tó yí wa ká ló ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Jope wọlé, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ wa. Pìláyà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé àpótí aláìsàn yín yìí ò tíì kú ni?" Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kelera, ojú ẹ ti wọnú bíi tìyá àgbà! Wá, jẹ́ n fi oògùn ẹ̀ hàn ẹ́." Ó gbé púlọ́ọ̀gì ańpílífáyà sókè. "Ẹsẹ̀ kẹta yìí, gé e. Ariwo á lọ wàá."

"Bàbá ní ká fi í sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Jope."

"Bàbá ẹ wà lóko. Ṣó o fẹ́ káwọn tó ń bọ̀ lọ́la fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Gbogbo olórin ìlú ńlá ló ń gé e, jàre!"

Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ kẹta yẹn wà fún. Olùkọ́ wa ti kọ ọ́ sójú pátákó: òun ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gba pìláyà. Èmi ni mo gé e, kì í ṣe Jope.

Mo tún ki púlọ́ọ̀gì náà bọ iná, ariwo náà dákẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n sunkún, bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe dùn tó.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó tẹ́tí. "Ó ti dákẹ́?"

"Ó kàn dákẹ́ fúnra rẹ̀ ni, Bàbá."

Ó wò mí pẹ́. "Ariwo kì í dákẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè é síbi ọkọ̀ ìrèké, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, a kọ orin méjì, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìka mi ti bó nítorí ìkòkò tí mo fọ̀ láàárọ̀, mo bá gbé gìtá fún Losalini, akọrin wa, ọmọ Àǹtí Vika tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó gbé e kọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ síwájú. Ètè rẹ̀ kan máìkì.

Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi gbígbẹ kán. Ara Losalini le gbagidi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ okùn gìtá. Àwọn kan rò pé ijó ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo sáré lọ fa púlọ́ọ̀gì yọ, Losalini sì ṣubú lulẹ̀.

Kò kú. Ètè rẹ̀ jó, ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ̀wé náà jó. Dókítà ní kò ní lè ṣe ìdánwò lọ́dún yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi mú púlọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò kan ojú ibi tí mo ti gé e. Kò pariwo. "Ta ló gé e?"

Jope ń wo ilẹ̀. Mo lè dárúkọ rẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Mo sì tún pa irọ́."

Ó lọ wẹ̀. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó di gbòǹgbò yaqona, èyí tí a fi ń tọrọ àforíjì nílẹ̀ wa, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Níwájú Àǹtí Vika ló jókòó sílẹ̀, tó gbé gbòǹgbò náà síwájú, tó tẹrí ba, tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí mi. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ni ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Àǹtí Vika fọwọ́ kan gbòǹgbò náà.

"Mo gbà á. Àmọ́ Kelera, ọmọ mi ló yẹ kó o lọ bá sọ̀rọ̀."

Losalini wà lórí ibùsùn ní ọsibítù Labasa. "O mọ̀ kó o tó gbé gìtá fún mi?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni."

Ó yíjú sí ògiri. "Ó rẹ èmi náà, Kelera. Ta ni kò rẹ̀?"

Nígbà tí Anil tú àpótí náà, ó fi hàn wá: wáyà kan ti bó nínú rẹ̀, iná ń jò sára irin. Ẹsẹ̀ kẹta ló ń gbé e lọ sínú ilẹ̀; nígbà tí mo gé e, iná náà bá okùn gìtá dé ara Losalini, ó sì gba máìkì wọlẹ̀. "Ariwo yẹn ló ń kìlọ̀ fún yín," ni ó wí. Bàbá mi gbé àpótí náà léjìká, a lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Mo ti ṣe ìdánwò tèmi. Lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ ilé bá parí, mo máa ń lọ bá Losalini kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ìka rẹ̀ ò tíì jinná. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọrin.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, rírẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń pariwo létí yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń sọ kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀nà àbùjá tí mo gbà, ẹlòmíì ló gbé ẹrù rẹ̀.